Ẹnì Kan Péré Ni Ìlọrin Ń Gbà

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kẹfà, 2025

Òjò ṣú láti àárọ̀, kò rọ̀. Irú ọjọ́ báyìí máa ń ni mí lára. Kó rọ̀ tàbí kó lọ.

Alhaja Màrdíyyàh, ọ̀gá ilé ìwé wa, kó gbogbo kíláàsì kẹfà jọ sábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn àsẹ́ńbìlì. Wọ́n ní àwọn tó ti ilé ìwé wa jáde láyé àtijọ́, tí Ọlọ́run ti bùkún fún, tún ti ránṣẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún. Ẹnì kan péré ni wọ́n máa mú nínú wa lọ sí ilé ìwé girama kan ní Ìlọrin, àwọn ló sì máa san gbogbo ẹ̀. Inú ọgbà ibẹ̀ ni ẹni náà á máa gbé, ó di ìgbà họlidé kó tó wálé. Tíṣà kíláàsì ló máa yan ẹni náà, ẹni tó bá sì ń gba ipò kìíní ni wọ́n ti ń yàn látẹ̀yìn wá.

Gbogbo ojú bá yí sọ́dọ̀ mi. Láti kíláàsì kẹrin ni mo ti ń gba ipò kìíní. Abdulwasiu ló ń gba ipò kejì, ó tiẹ̀ ti mọ́ ọn lára. Mo ṣe bíi pé mi ò rí wọn, mò ń wo àwọn èèrà tó ń gun igi. Ṣùgbọ́n inú mi dùn débi pé àtẹ́lẹsẹ̀ ń yún mi.

Kí inú mi má bàa dùn jù, mo rántí pé Mummy ni tíṣà kíláàsì wa.

Ọjọ́rú, 4 Oṣù Kẹfà

Èmi ni mò ń lu agogo ilé ìwé. Àlòkù ríìmù mọ́tò ni, wọ́n fi wáyà so ó kọ́ ẹ̀ka máńgòrò. Lónìí mo lu agogo ìsinmi nígbà tí àwọn kíláàsì kejì ṣì ń ka ABD lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó fura àfi Mummy. Wọ́n fa etí mi.

"Dàmọ́lá, kí ló ń lé ẹ?"

Mi ò mọ ohun tó ń lé mi. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń lọ sílé ìwé kan náà pẹ̀lú ìyá mi. Tí mo bá yínmú sẹ́nì kan, kí n tó délé wọ́n ti gbọ́. Tí mi ò bá jẹun tán láàárọ̀, wọ́n á rán mi létí ẹ̀ níwájú àwọn ẹgbẹ́ mi. Tí agogo bá lù, àwọn ọmọ yòókù á sá fún tíṣà wọn lọ sílé, èmi á gbé báàgì tíṣà mi, a ó jọ máa lọ. Ìlọrin ò jìnnà, ṣùgbọ́n ojú Mummy ò lè débẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7 Oṣù Kẹfà

Ọjọ́ kejì ọdún Iléyá. Abdulwasiu gbé ẹran wá fún wa láti ọ̀dọ̀ bàbá ẹ̀, Ọ̀gá Sàláwù káfíńtà. Ó wọ aṣọ ọdún, ó ń rọra gbẹ́sẹ̀ bí ìmáàmù kékeré.

"Ṣé o ti ń di ẹrù?"

Mo ní kò kàn án.

"Tó bá jẹ́ èmi ni wọ́n mú, mà á ti dé Ìlọrin kó o tó mọ̀ pé mo ti kúrò."

A rẹ́rìn-ín. Ó ní ti Tíṣà ni igẹ̀ ẹran tó wà lókè, kí n má fọwọ́ kàn án. Mo ti jẹ níbẹ̀ kí abọ́ náà tó dé kíṣìnnì.

Ọjọ́rú, 11 Oṣù Kẹfà

Mummy mú Abdulwasiu.

Wọ́n dìde níwájú kíláàsì, wọ́n pe orúkọ ẹ̀ bí ẹni ń pe rẹ́jísítà, wọ́n ní ká ṣí ìwé ìṣirò wa. Abdulwasiu wẹ̀yìn bóyá Abdulwasiu mìíràn wà níbẹ̀. Mi ò sunkún. Mo dìde, mo jáde, mo lọ lu agogo ìjádelọ, nígbà tí ọ̀sán ò tíì pọ́n rárá. Àwọn kíláàsì kékeré ti gbé báàgì, òmíràn ti dé ẹnu géètì, kí wọ́n tó dá wọn padà.

Nílé, mo béèrè lọ́wọ́ Mummy. Wọ́n ń já ewé ṣọkọ, wọn ò gbójú sókè.

"Kí ni aráyé máa wí? Pé tíṣà mú ọmọ ara ẹ̀?"

"Èmi ni mo gba ipò kìíní."

"Mo mọ̀. Ta ló máàkì ẹ̀?"

"Ẹ ẹ̀ wá mú mi."

"Dàmọ́lá, ẹnu ayé lẹbọ."

Mo ní ṣé èmi wá ni ẹran tí wọ́n máa fi rú u ni. Wọ́n ní kí n jáde kúrò ní kíṣìnnì.

Inú ń bí mi. Mo kọ ọ́ síbí kí n má bàa sọ ọ́ síta: inú ń bí mi sí ìyá mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 13 Oṣù Kẹfà

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Ọ̀gá Sàláwù ṣe sàráà nítorí Ìlọrin. Wọ́n pín àkàrà kárí àdúgbò. Àwọn Àfáà ṣàdúà lé Abdulwasiu lórí, ó tẹríba títí mo fi rò pé ó ti sùn. Wọ́n gbé abọ́ ńlá kan wá sílé wa, wọ́n ní ti Tíṣà ni, ẹni tó ń ṣe òdodo.

Mummy ò fọwọ́ kàn án. Mo rò pé èmi ni wọ́n ń bínú sí. Èmi jẹ ẹ́ ní tèmi. Àkàrà ò ṣẹ̀ mí.

Ọjọ́ Àìkú, 15 Oṣù Kẹfà

Ṣé wọ́n fẹ́ pa mí ni? Fíkà wa ń wàásù lórí ojúsàájú, wọ́n bá ní, "Ìyá kan wà nínú ìjọ yìí. Àǹfààní wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ wà nílé rẹ̀, ó sì gbé àǹfààní náà fún ọmọ ọlọ́mọ. Mélòó nínú wa ló lè ṣe é?" Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì yíjú sí ìjókòó wa. Ìyá kan lẹ́yìn wa ń gbọn orí, ó ń ṣe "háà, háà." Mummy doríkodò débi pé mo rò pé nǹkan wọn já bọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí ìsìn parí, àwọn obìnrin ń na ọwọ́ láti bọ̀ wọ́n lọ́wọ́. Mummy fà mí, àwa la kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà. Wọn ò dúró ṣe ìpàdé àwọn ìyá, bẹ́ẹ̀ wọn kì í pa á jẹ. Wọn ò jẹun ọ̀sán. Ẹni tí wọ́n yìn lójú gbogbo ayé, ó yẹ kí ara ẹ̀ yá gágá.

Ọjọ́bọ̀, 19 Oṣù Kẹfà

Alhaja ránṣẹ́ pè mí sí ọ́fíìsì. Wọ́n ní èmi ni mo máa sọ ọ̀rọ̀ ìdágbére lọ́jọ́ tí a bá ń jáde. Kí n sọ ọ́ ní Yorùbá kí àwọn òbí lè gbọ́, kí n sọ bí a ṣe lo ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kí n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ tíṣà kọ̀ọ̀kan láti kíláàsì kìíní dé ìkẹfà. Mo ní ẹ ṣé mà. Wọ́n ń wò mí láti òkè awò ojú wọn.

"Mo bi Mummy ẹ, mo tún bi wọ́n, pé ṣé ohun tí wọ́n ṣe yìí dá wọn lójú. Mo ní kò sẹ́ni tó máa bú wọn. Ta ni ò mọ̀ pé o mọ̀wé?"

Mò ń yí okùn báàgì mi mọ́ ìka.

"Fọkàn balẹ̀, jàre. Àwọn èèyàn yẹn tún máa ń mú ẹnì kan tó bá parí JSS mẹ́ta. Bó o bá ṣe dáadáa, wà á lọ nígbà yẹn. Òbí ló kàn gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i."

Mò ń ro ó bọ̀ lójú ọ̀nà. Tí kò bá sẹ́ni tó máa bú Mummy, ẹnu ayé wo ni wọ́n wá ń bẹ̀rù?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 21 Oṣù Kẹfà

A lọ ọjà Ojoku. Ẹrẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀. Iṣu ti gbówó lórí, èyí tí kò ju apá mi lọ, wọ́n ní ẹgbẹ̀rún méjì ààbọ̀. Mummy ná an títí ẹnu fi rọ̀ wọ́n, wọ́n wá ra èyí tó pọ̀.

"Ta ló fẹ́ jẹ gbogbo eléyìí, Mummy? Àwa méjì?"

"Ọmọ́yẹni fẹ́ràn iṣu."

Ìlú òyìnbó ni Ọmọ́yẹni ẹ̀gbọ́n mi wà, ó ń tọ́jú àwọn arúgbó níbẹ̀. Ìlọrin lòun náà gbà lọ. Ó gbé inú ọgbà ilé ìwé níbẹ̀, ó lọ yunifásítì níbẹ̀, ó sì wọ bàálù. Ó ti pẹ́ tá a ti rí i, àfi lójú fóònù, níbi tí orí ẹ̀ máa ń dúró sójú kan tí ohùn ẹ̀ á máa lọ. Mi ò sọ fún Mummy pé iṣu ò lè gba ojú fóònù kọjá.

Nínú ọkọ̀ bá a ṣe ń bọ̀, òjò ń jò sí mi léjìká. Mò ń yí síhìn-ín, mò ń yí sọ́hùn-ún. Ìyá tó jókòó tì mí ní ṣé kòkòrò wọ̀ mí láṣọ ni.

Ọjọ́rú, 25 Oṣù Kẹfà

Ọ̀rọ̀ ìdágbére. Mo ti kọ ọ́, mo ti ya á, mo tún ti ń kọ ọ́.

Kíláàsì kìíní, Anti Ayọ̀kúnnúmi. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mò ń sá kúrò ní kíláàsì wọn lọ sábẹ́ tábìlì Mummy. Wọ́n á wá fi bisikíìtì tàn mí jáde bí ẹni ń tan ológbò.

Kíláàsì kejì, Mr. Gbádé. Daddy kú ní táàmù kejì. Nígbà tí mo padà sílé ìwé, Mr. Gbádé ò bi mí ní ìbéèrè kankan, wọ́n ní èmi ni kí n máa nu pátákó. Mo nu pátákó yẹn lójoojúmọ́ bíi pé èmi ni mo ni ín. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé wọ́n ń ṣàánú mi ni. Mo mọ̀ báyìí, ó sì ń ṣe mí bíi kí n lọ bá wọn nílé kí n lọ sọ fún wọn.

Kíláàsì kẹta, ìjì ká òrùlé wa lọ. Abẹ́ máńgòrò la ti kọ́ ìsọdipúpọ̀. Tí máńgòrò bá já lulẹ̀, gbogbo kíláàsì á dìde. Tíṣà náà á dìde.

Kíláàsì kẹrin, mo kọ́kọ́ gba ipò kìíní. Abdulwasiu ò bá mi sọ̀rọ̀ títí táàmù fi parí.

Kíláàsì karùn-ún, èmi àti ẹ̀ lọ ìdíje ní Ilemona. Ipò kejì la ṣe. A jẹ ìrẹsì tó dùn, a kọ orin nínú ọkọ̀ títí dé Ọ̀fà, awakọ̀ ní òun máa já wa sílẹ̀ sójú títì.

Gbogbo èyí, mo rò pé mo kórìíra ilé ìwé yẹn ni. Kí ló wá dé tí mò ń rẹ́rìn-ín?

Kíláàsì kẹfà. Mo kọ "kíláàsì kẹfà", mo fi í sílẹ̀ báyẹn.

Ọjọ́ Ẹtì, 27 Oṣù Kẹfà

Abdulwasiu ti lọ Ìlọrin fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, wọ́n ti gbà á. Ó ń sọ ọ́ fún gbogbo kíláàsì: bẹ́ẹ̀dì tó gun orí ara wọn, yàrá tó kún fún kìkì kọ̀m̀pútà, pápá tó tẹ́ lọ rẹrẹ. Mi ò lè gbà á mọ́ra. Mo ní kó bọ́ sẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ níbi iyanrìn.

"Mi ò kì í bá obìnrin jà."

"Ìjàkadì lorò Ọ̀fà. Àbí o kì í ṣe ọmọ Ọ̀fà?"

Ó bọ́ bàtà ẹ̀. Mo gbá a nídìí mú, mo fi ẹsẹ̀ kọ́ ọ lẹ́sẹ̀, ẹ̀yìn ẹ̀ kanlẹ̀ gbì! Àwọn ọmọ pariwo. Mo jókòó lé e láyà.

"Lọ sọ fún wọn pé o ò lọ mọ́."

Iyanrìn wà lẹ́nu ẹ̀. Ó tutọ́.

"Mo mọ̀ pé ìwọ ló yẹ kó lọ. Gbogbo wa la mọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ní í fi sílẹ̀. Bàbá mi ti ṣe sàráà, Dàmọ́lá. Ṣé kí wọ́n wá máa gba àkàrà padà lẹ́nu èèyàn ni?"

Mo fẹ́ fèsì, mo rántí pé èmi gan-an jẹ ẹ́. Sàráà tí wọ́n ti jẹ, kò ní àtúnṣe. Mo dìde lórí ẹ̀, mo gbọn iyanrìn kúrò lẹ́yìn ẹ̀. Ibi tí mo ti ń gbọn ọ́n ni Mummy ti bá wa, tàwọn ti pankẹ́rẹ́. A kúnlẹ̀ sínú oòrùn, a gbé ọwọ́ sókè, èmi àti ẹ̀, títí wọ́n fi jáde. Ẹlòmíràn ló lu agogo, ó sì pẹ́ kó tó lù ú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 28 Oṣù Kẹfà

Orúnkún mi wú. Mummy ń fi àbóníkí pa á.

"Kí ni Abdulwasiu ṣe fún ẹ?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀yin lẹ ṣe é. Ẹ̀yin àti ẹnu ayé."

Ọwọ́ wọn ò dúró. Wọ́n pa ọ̀kan tán, wọ́n bẹ̀rẹ̀ èkejì. Wọ́n wá sọ ọ́ sí orúnkún mi, wọn ò sọ ọ́ sí ojú mi:

"Kì í ṣe ẹnu ayé."

Mo fa orúnkún mi sẹ́yìn.

"Mi ò fẹ́ kó o lọ ni. Daddy ẹ lọ. Ẹ̀gbọ́n ẹ lọ, mo ní ó ń bọ̀ ní họlidé, mo ṣì ń retí ẹ̀. Tí mo bá ti ilé ìwé dé, ta ni màá bá sọ̀rọ̀? Ògiri? Ẹnu ayé ni mo fi bojú. Fíkà wá gbé mi sókè láàárín ìjọ, ṣe ló dà bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì."

"Ẹ parọ́ fún mi."

"Mo parọ́ fún ẹ."

Mi ò tíì gbọ́ kí àgbàlagbà kankan sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọdé. Mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣe ojú mi. Mo sunkún báyìí, èyí tí mi ò sun láti ọjọ́ yẹn.

"Mo ṣì fẹ́ lọ, Mummy. Kì í ṣe pé mi ò fẹ́ràn yín."

"Mo mọ̀. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí."

"Tó bá di JSS mẹ́ta ńkọ́, tí wọ́n bá tún fẹ́ mú mi? Ṣé ẹ máa fọwọ́ sí i?"

Wọ́n dé àbóníkí, wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ ká aṣọ. Aṣọ ọ̀hún ò tíì gbẹ.

Ọjọ́ Ajé, 30 Oṣù Kẹfà

Mummy lọ bá Alhaja, wọ́n sọ òtítọ́ fún wọn. Alhaja ní ọ̀rọ̀ ti kọjá ọwọ́ àwọn. Mummy tún gba ibẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Sàláwù. Ọ̀gá Sàláwù gbọ́ tán, ó gbé pákó ọwọ́ ẹ̀ sílẹ̀.

"Tíṣà, ọmọ tèmi ò jí i."

"Rárá o. Èmi ni mo jí i."

Mummy ló sọ gbogbo ẹ̀ fún mi nígbà tí wọ́n dé, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an. Wọn ò sọ nǹkan kan nípa JSS mẹ́ta.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 Oṣù Keje

Òjò. Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ káalẹ́ mà. Ìyẹn nìkan ni mò ń bá Mummy sọ.

Ọjọ́rú, 16 Oṣù Keje

Mummy fi oríkì jí mi. "Àbẹ̀kẹ́. Àbẹ̀kẹ́ mi. Àbẹ̀kẹ́ ọmọ Ọlábámijí." Ẹyin méjì wà lórí iṣu mi, ọ̀kan ò sí lórí tiwọn rárá. Ìyá ò lè kúnlẹ̀ bẹ ọmọ, èèwọ̀ ni, oríkì ni wọ́n máa ń fi bẹ̀bẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọkàn mi tiẹ̀ ti ń rọ̀. Oríkì máa ń mú orí èèyàn wú ṣáá ni.

Mo jẹ ẹyin náà. Mo wá ní, "Ẹ ẹ̀ tíì dá mi lóhùn, mà."

Mummy kó abọ́.

Ọjọ́bọ̀, 24 Oṣù Keje

Ọ̀la ni. Wọ́n ti di irun mi, ó ń fà mí lórí. Mo ti mọ ọ̀rọ̀ mi sórí láti kíláàsì kìíní dé ìkarùn-ún. Òfìfo ni ìkẹfà. Alhaja bi mí pé ṣé mo ti parí ẹ̀, mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà. Mi ò lè jókòó, mi ò lè dúró. Mo ti gbálẹ̀ tán, mo tún gbá a.

Ọjọ́ Ẹtì, 25 Oṣù Keje

Ó ti tán. Kí n kọ ọ́ kó tó di pé mo gbàgbé bó ṣe rí.

Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Òjò ń rọ̀ lórí páànù, mo ní láti pariwo. Nígbà tí mo sọ ti bisikíìtì, wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo sọ ti pátákó, Mr. Gbádé yọ áńkáṣíìfù. Nígbà tí mo sọ ti Ilemona, Abdulwasiu pariwo láti ìjókòó ẹ̀ pé àwọn adájọ́ ló rẹ́ wa jẹ.

Mo dé kíláàsì kẹfà. Mo wo Mummy níbi tí wọ́n jókòó sí láàárín àwọn tíṣà. Ọwọ́ wọn wà lórí báàgì wọn bíi pé ẹnì kan fẹ́ já a gbà.

Mo ní, "Ní kíláàsì kẹfà, ìyá mi ló kọ́ wa. Wọn ò fi ẹ̀kọ́ kankan pamọ́ fún wa. Wọ́n kọ́ mi débi pé kò síbi tí mi ò lè lọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mo wá ń bẹ̀ wọ́n níwájú gbogbo yín, lọ́jọ́ tí ọ̀nà bá tún là, kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n jẹ́ kí n lọ."

Pàtẹ́wọ́ gba gbogbo gbọ̀ngàn. Wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ dídùn lásán ni. Alhaja nìkan ló bọ́ awò ojú wọn, tí wọ́n ń nù ún.

Nílé ìwé wa, ẹni tó bá sọ̀rọ̀ ìdágbére máa ń kúnlẹ̀ fún tíṣà kíláàsì ẹ̀ kí wọ́n ṣàdúrà fún un. Gbogbo èèyàn ló mọ àdúrà náà: wà á lọ, wà á bọ̀. Mo kúnlẹ̀. Mummy gbé ọwọ́ lé mi lórí.

"Ayọ̀dàmọ́lá, wà á lọ."

Àwọn èèyàn ti lanu de àmín, wọ́n ń retí ìyókù. Wọ́n retí ẹ̀ títí. Ẹnì kan wúkọ́. Mo gbọ́ bí Mummy ṣe mí kanlẹ̀.

"Wà á lọ," wọ́n tún wí, wọ́n sì gbé ọwọ́ wọn kúrò lórí mi.

Ó ń ṣe mí bíi kí n fi "mà á bọ̀" kún un fún wọn. Mi ò fi kún un. Mo ṣe àmín sí èyí tí wọ́n ṣe.